Ibi Tí Bọ́ọ̀sì Bá Ti Dúró Ni Èèyàn Á Ti Sọdá

Kí bọ́ọ̀sì tó gbé èèyàn, ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ gbé e. Bí bọ́ọ̀sì bá sì já a sílẹ̀ tán, ẹsẹ̀ náà ló kù tí yóò gbé e dé ibi tó ń lọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ èyí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń ṣètò ọkọ̀ èrò fún ìlú, iye ọkọ̀ ni wọ́n ń kà, iye èrò, iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì. Ìrìn ẹsẹ̀ tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn kì í sí nínú ìwé wọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò dáadáa, torí mo gbà pé òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ibùdókọ̀ kì í dá wà. Méjì-méjì ni wọ́n, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, títì ló sì wà láàárín wọn. Ẹni tó wọ ọkọ̀ lẹ́bàá ilé rẹ̀ láàárọ̀ láìsọdá rárá, òdìkejì ni ọkọ̀ yóò já a sí lálẹ́. Ẹni tí àbọ̀ tiẹ̀ rọrùn, àlọ rẹ̀ ló máa le. Bó ti wù ká yí i, ẹni tó bá fi ọ̀nà kan náà lọ tó sì fi í bọ̀ yóò sọdá lẹ́ẹ̀kan nítòsí ilé, yóò tún sọdá lẹ́ẹ̀kan nítòsí ibi tó lọ.

Torí náà, ẹni tó bá ri òpó ibùdókọ̀ mọ́lẹ̀ ti ṣí ibi ìsọdá síbẹ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Àwọn èèyàn á máa sọdá níbẹ̀. Wọn ò ní dúró de ẹni tó máa wá kun ìlà funfun.

Ibi tí nǹkan ti dojú rú ni pé, ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọ́fíìsì tó ń pinnu ibi tí ọkọ̀ yóò ti máa dúró yàtọ̀ sí èyí tó ń pinnu ibi tí èèyàn yóò ti máa sọdá. Ọ̀kan ń ṣírò èrò àti epo. Èkejì ń wá bí ọkọ̀ yóò ṣe máa lọ láìsí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má jókòó sídìí tábìlì kan náà rí. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí ibùdókọ̀ méjì tó kọjú síra wọn, tí kò sí ohun mìíràn láàárín wọn ju ọkọ̀ tó ń sáré kọjá lọ, tí ibi ìsọdá tó sún mọ́ wọn jù sì wà lọ́hùn-ún, ní oríta tí ojú ò fi bẹ́ẹ̀ tó.

Bí ọkọ̀ bá wá gbá èèyàn nírú ibẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ni pé, kí ló dé tí kò lọ sọdá níbi tó yẹ? Ìbéèrè yìí máa ń dùn mí wọra. Ẹ jẹ́ ká bá onítọ̀hún ṣírò rẹ̀. Ká ní ibi ìsọdá tó sún mọ́ ọn jù fi mítà 300 jìnnà. Yóò rin mítà 300 lọ, yóò sọdá, yóò tún rin mítà 300 padà wá sí ọ̀gangan ibi tó ti kúrò. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tó ń rin mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò lò ju ìṣẹ́jú 8 lọ. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dà láàmú, tó ń rin mítà 0.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò lo ìṣẹ́jú 12 ààbọ̀. Gbogbo èyí nítorí títì tí kò fẹ̀ ju mítà 14 lọ. Ẹni tó bá gba tààrà níbẹ̀ kì í ṣe aláìgbọràn lójú tèmi. Ohun tí orí pípé sọ fún un ló ṣe, àwọn tó ṣètò ọ̀nà náà ló sì fi í sínú ewu.

Ewu náà kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ni ìjàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún. Ó ju ìdajì wọn lọ tí kò sí irin kankan tó dáàbò bò wọ́n: ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, ẹni tó gun alùpùpù. Ewu tó ń dojú kọ ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì nígbà tó bá wà nínú ọkọ̀ kò tó èyí tó ń dojú kọ ọ́ nígbà tó bá wà nílẹ̀.

Mo fẹ́ràn láti máa dúró wo àwọn èèyàn ní ibùdókọ̀, kódà nígbà tí èmi fúnra mi ò bá wọ ọkọ̀. Bí ẹ bá wò wọ́n pẹ́, ẹ ó rí i pé ẹni tó ń sọdá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń wo ọ̀tún tó ń wo òsì, kì í sábà kó sínú wàhálà. Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó ń bọ̀ ní òdìkejì. Ojú rẹ̀ ti fò kọjá títì. Nọ́ńbà iwájú bọ́ọ̀sì ló ń wò, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè láti fi dá a dúró, ẹsẹ̀ ti kúrò ní bèbè kí ọkàn tó bá a mu. Lásìkò yẹn, ọkọ̀ mìíràn ò sí láyé lójú rẹ̀.

Kí ló ń mú kó sáré bẹ́ẹ̀? Ó mọ̀ pé bí èyí bá lọ, òmíràn ò ní tètè dé. Níbi tí bọ́ọ̀sì bá ti ń tẹ̀lé ara wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹni tó ń sáré bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Wọ́n á ní èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà ń bọ̀. Níbi tó bá ti jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan, tí ẹni tó bá sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ yóò sanwó ìtanràn, èèyàn yóò sá wọ iwájú ọkọ̀. Èmi gbà pé ọkọ̀ tó ń wá léraléra jẹ́ ara ààbò ẹlẹ́sẹ̀ bí iná àti ìlà funfun ṣe jẹ́. N kì í sábà rí ẹni tó ń kà á mọ́ ọn. Bákan náà ni pátákó tó ń sọ iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ kù kó dé: ẹni tó bá ti mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ òun lè fara balẹ̀ dúró de iná.

Bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ògiri. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò dáadáa. Bọ́ọ̀sì dúró, ẹ sọ̀, ẹ fẹ́ sọdá. Bí ẹ bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tó fẹ́ yà á sílẹ̀, kò rí yín, ẹ̀yin náà ò sì rí i. Bọ́ọ̀sì ga, ó gùn, kò sí ẹni tó lè wo òdìkejì rẹ̀. Ìgbà tí orí yín bá yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì máa tó ríra, ó sì ti lè pẹ́ jù. Ọmọdé ló burú sí jù, torí kò ga tó iwájú bọ́ọ̀sì, kò sì tíì mọ bí a ṣe ń fojú díwọ̀n eré ọkọ̀.

Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi fẹ́ràn kí ibùdókọ̀ wà lẹ́yìn ibi ìsọdá tàbí lẹ́yìn oríta, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá ti kọjá ibi ìsọdá kó tó dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ ni èrò yóò ti máa sọdá. Awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń wo ìlà funfun náà gbangba, bọ́ọ̀sì ò dí i lójú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè má ju ogójì mítà lọ, ó lè jẹ́ òpó kan péré ni wọn yóò hú tí wọn yóò tún rì. Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí, èyí wà lára èyí tó kéré jù lówó.

Òfin náà lè ràn wá lọ́wọ́. Ní Jámánì, bí bọ́ọ̀sì èrò bá ń sún mọ́ ibùdókọ̀ tó sì ti tan iná ìkìlọ̀ rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ yà á sílẹ̀. Bó bá ti dúró tí iná náà ṣì ń ṣẹ́jú, ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ mìíràn lè fi kọjá, títí kan àwọn tó ń bọ̀ níwájú lójú títì kan náà. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú òfin yìí ni pé ó gbà pé àwọn èèyàn máa sọdá níbẹ̀. Kò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ ilé-ìwé máa ń na apá pupa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn pátákó tó ń ní kí ọkọ̀ dúró, àwọn ọkọ̀ yòókù á sì dúró. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá dàgbà tó wọ bọ́ọ̀sì ìlú, kò sí apá pupa mọ́.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ ìsọdá láìsọ̀rọ̀ eré. Highway Code, ìwé ìlànà ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí: ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 32 ní wákàtí kan yóò gba nǹkan bíi mítà 12 kó tó dúró, láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti rí ewu. Bó bá jẹ́ 48, yóò gba mítà 23. Bó bá jẹ́ 64, mítà 36. Ẹ ò rí i pé eré di ìlọ́po méjì, ibi tí yóò dúró sí di ìlọ́po mẹ́ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní bí eré àwọn ọkọ̀ lójú ọ̀nà kan bá fi ìdá 1 nínú 100 pọ̀ sí i, ewu ìjàǹbá tó ń pani níbẹ̀ yóò fi ìdá 4 nínú 100 pọ̀ sí i. Ọmọ tó já sójú títì ní mítà 20 síwájú ọkọ̀, eré tí ọkọ̀ náà ń sá ló máa sọ bóyá ọmọ yẹn á délé. Pátákó tó ní kí ọkọ̀ rọra kò tó, torí awakọ̀ máa ń sá eré tí títì bá gbà á láyè. Títì tó fẹ̀, tó gùn gbọọrọ, ń sọ fún un pé kó máa sáré lọ, ohun yòówù tí wọ́n kọ sára pátákó.

Ibi tí mo ti ń rí ìrètí jù ni àárín títì. Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò. Títì tó ní ojú ọ̀nà ọkọ̀ mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 3.5, jẹ́ mítà 14. Ẹni tó ń yára rìn yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 12 láti sọdá. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan yóò ti rin 200 mítà láàárín àkókò yẹn. Ìyẹn ni pé kí ẹni náà tó gbé ẹsẹ̀, ó ní láti rí i dájú pé ọ̀nà ṣófo fún 200 mítà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lẹ́ẹ̀kan náà. Fún àgbàlagbà tó ń rin mítà 0.8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di 300 mítà. Ọ̀nà tí ọkọ̀ pọ̀ sí kì í ṣófo bẹ́ẹ̀ láé. Wàyí o, ẹ mọ pèpéle sí àárín títì náà, kó fẹ̀ tó kí ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ́wọ́ lè dúró sí i láìsí pé ara kẹ̀kẹ́ yọ sójú ọ̀nà. Ó ti di ìsọdá méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 7. Apá kan ṣoṣo ni yóò máa wò lẹ́ẹ̀kan. Àlàfo tó nílò ti di ìdajì, ìbẹ̀rù rẹ̀ náà á sì dínkù. Àjọ tó ń bójú tó òpópónà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní àárín títì tí wọ́n gbé ga, tó sì ní ìlà ìsọdá, ń dín ìjàǹbá ẹlẹ́sẹ̀ kù ní ìdá 46 nínú 100.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ìlú fi wá fẹ́ràn afárá ẹlẹ́sẹ̀ ju èyí lọ? Mo ti ronú lé e lọ́pọ̀ ìgbà. Afárá ga, gbogbo ayé ló ń rí i, wọ́n lè gé tẹ́ẹ́pù níbẹ̀. Ó sì ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa sáré rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀. Bí ilẹ̀ afárá bá fi mítà 5.5 ga sí ojú títì kí ọkọ̀ akẹ́rù lè kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ kò lè gun àtẹ̀gùn. Ó nílò gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò le jù, èyí tí ọ̀pọ̀ ìlànà ní kò gbọdọ̀ ju mítà 1 ní gíga sí mítà 12 ní gígùn. 5.5 lọ́nà 12 jẹ́ 66. Yóò gun 66 mítà, yóò sọ̀ 66 mítà, láìtíì ka ibi ìsinmi tó gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà àti fífẹ̀ títì fúnra rẹ̀. Ó ju 130 mítà lọ láti sọdá mítà 14, níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Níbi tí ẹ̀rọ bá wà, ẹ ó rí i pé ó bàjẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ara rẹ̀ dá náà ń wo àtẹ̀gùn yẹn, ó ń wo títì, ó gba abẹ́ afárá kọjá. Àwọn aláṣẹ á wá gbé irin dí àárín títì, wọ́n á fi ọlọ́pàá síbẹ̀ kó máa mú wọn. Owó ńlá lọ, ẹni tí wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò ló wá di ọ̀daràn.

N kò sọ pé afárá ò wúlò níbikíbi. Lórí ọ̀nà márosẹ̀ tí ọkọ̀ ti ń sá ọgọ́rùn-ún kìlómítà, tàbí ojú irin, kò sí bí a ṣe lè ní kí èèyàn gba ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìlú, níwájú ibùdókọ̀, ọkọ̀ ló yẹ kó rọra, kí ẹsẹ̀ máa gba ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ibi ìsọdá tí wọ́n gbé ga dé ìwọ̀n ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ máa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀: ẹlẹ́sẹ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀ kó tún gòkè, ọkọ̀ sì ní láti rọra kó tó gun ún.

Títí dé ibí, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ni mo ṣe ń sọ ọ́ jù. Màámi ló kọ́ mi ní ìyókù. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu, tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, mo máa ń bá wọn wọ bọ́ọ̀sì, mo sì wá rí ibùdókọ̀ bí n kò ṣe rí i rí. Ẹnì kan á ti páàkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ sí ẹsẹ̀ òpó ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì ò lè sún mọ́ bèbè, yóò dúró sí àárín ọ̀nà. Màámi á sọ̀ kalẹ̀ láti bèbè sójú títì, ìrora kan nìyẹn. Wọ́n á gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá. Wọ́n á tún gòkè láti ojú títì sínú bọ́ọ̀sì, ìgbésẹ̀ tó ga tó ìlọ́po méjì èyí tó yẹ kó jẹ́. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń wo wọ́n, awakọ̀ ń wo aago. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ọmọ mi, n kò fẹ́ máa dá àwọn èèyàn dúró." Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Ọkọ̀ ò gbá wọn, orúkọ wọn ò sí nínú àkọsílẹ̀ ìjàǹbá kankan, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ yẹn ti gba ìlú lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó jókòó sílé báyìí pọ̀, kò sì sí ẹni tó ń kà wọ́n.

Oògùn èyí kò ṣàjèjì. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ga ti wà káàkiri, òmíràn á tilẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ bó bá dúró. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ kò wúlò bí bèbè kò bá gbé ara sókè pàdé rẹ̀, tí bọ́ọ̀sì náà kò sì sún mọ́ bèbè. Ní ìlú Kassel ní Jámánì, wọ́n ṣe òkúta bèbè kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, tí táyà bọ́ọ̀sì á kàn máa yọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìbàjẹ́. Awakọ̀ lè sún mọ́ ọn láìbẹ̀rù, àlàfo tó wà láàárín bèbè àti ilẹ̀kùn yóò sì kéré débi pé àga oníkẹ̀kẹ́ á yí wọlé. Ìlú púpọ̀ ti ń lò ó. Amẹ́ríkà ní tiwọn, lábẹ́ òfin Americans with Disabilities Act tí wọ́n ṣe ní 1990, ní ìlànà pé ibi tí èrò yóò ti wọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ń kọ́ ní tuntun gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ líle, tó tẹ́jú, tó tó mítà 2.4 láti bèbè wọnú, tó sì fẹ̀ tó mítà 1.5. Kò pọ̀. Ìwọ̀n tí àga oníkẹ̀kẹ́ nílò láti yí padà kó sì kọjú sí ilẹ̀kùn ni. Síbẹ̀, ẹ lọ wo iye ibùdókọ̀ tó jẹ́ òpó lásán tí wọ́n rì sínú koríko, tàbí tí gọ́tà tí kò ní ìdérí wà láàárín rẹ̀ àti títì. Òmíràn ní ìbòrí tó dára, ìpolówó ọjà tàn yanran lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbòrí náà gbé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ mì, ẹni tó ń kọjá lọ ní láti bọ́ sójú títì.

Àwọn tí kò ríran ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí a mọ̀ pẹ̀lú. Ní 1965, ọmọ Japáànù kan tó ń jẹ́ Seiichi Miyake ronú kan táìlì tó ní kókó àti ìlà, tí ẹsẹ̀ àti ọ̀pá lè kà. Ní 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìlú Okayama. Ó ti kárí ayé báyìí. Kókó ń sọ pé dúró, ìlà gbọọrọ ń sọ pé máa bọ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ dáadáa ní ibùdókọ̀, yóò mú ẹni tí kò ríran dé ọ̀gangan ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ kó lè kàn wà níbẹ̀ lásán, yóò mú un lọ forí sọ òpó iná.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn olùfẹ́ kẹ̀kẹ́ àti àwọn tí kò ríran ò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ìyẹn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gba ẹ̀yìn ibùdókọ̀ kọjá, tí ibùdókọ̀ wá wà láàárín kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀. Ó gba ẹ̀mí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ là, torí wọn ò ní bá bọ́ọ̀sì fà á mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ríran gbọ́dọ̀ sọdá kẹ̀kẹ́ tí kò lè gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó dé ibùdókọ̀. Tèmi ni pé ẹni tó lè ṣe ibi jù fún ẹnìkejì ló yẹ kó dúró. Kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó rọra níbẹ̀, kí ọ̀nà rẹ̀ dín, kó gòkè díẹ̀, kí àwọn tí kò ríran sì wà níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n pè wọ́n wá wò ó nígbà tí símẹ́ńtì ti gbẹ.

Ti iná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ewu ẹlẹ́sẹ̀ á pọ̀ sí i, obìnrin tó dá dúró níbi tó ṣókùnkùn á sì máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ ju ọ̀nà lọ. Kí iná tàn sórí ibi ìsọdá gan-an àti ibi tí wọ́n ti ń dúró, kì í ṣe sórí títì nìkan.

Ohun tó rọrùn jù tí ìlú kan lè ṣe ni kó má jẹ́ kí ọkọ̀ páàkì sítòsí ibi ìsọdá. Láti 2025, òfin ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ ẹni tó bá páàkì láàárín nǹkan bíi mítà 6 ṣáájú ibi ìsọdá, kí awakọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ lè ríra. Hoboken, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ti ń ṣe é láti ọ̀pọ̀ ọdún ní oríta kan tẹ̀lé òmíràn. Lẹ́yìn oṣù kìíní 2017, ó lo ju ọdún méje lọ tí ìjàǹbá ọkọ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lójú pópó rẹ̀. Oslo àti Helsinki, tí wọ́n tóbi jù ú lọ dáadáa, la ọdún 2019 kọjá láìsí ẹlẹ́sẹ̀ kan tí ọkọ̀ pa. Kì í ṣe idán. Wọ́n dín eré kù, wọ́n gba ààyè lọ́wọ́ ọkọ̀, wọ́n sì ń ṣe é lọ láìdáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n ṣe é, àwọn kan pariwo pé ọjà àwọn máa kú. Bí mo bá ń gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀, mo máa ń rántí pé ẹni tó sọ̀ láti inú bọ́ọ̀sì náà máa ń ra ọjà.

Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ní ète kan, 11.2 ni nọ́ńbà rẹ̀, pé kí gbogbo èèyàn rí ọkọ̀ èrò tó láàbò tó sì rọrùn fún wọn wọ̀ kí 2030 tó parí, kí wọ́n sì fiyè sí obìnrin, ọmọdé, akanda ẹ̀dá àti àgbàlagbà ní pàtàkì. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni iye àwọn tó ń gbé láàárín mítà 500 sí ibùdókọ̀. Mo fara mọ́ ète náà tọkàntọkàn. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ń kà á bọ́ sílẹ̀ rin mítà 500 ọ̀hún. Kó máa ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rìn ín, kó rìn ín lẹ́yìn òjò, kó rìn ín lálẹ́, kó sì rìn ín ní àlọ àti àbọ̀. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà wà tí a lè bi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ibi tí èèyàn ti ń sáré já sójú títì, wọ́n mọ ibùdókọ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Ó yà mí lẹ́nu pé a kì í sábà bi wọ́n.

Mo mọ̀ pé ṣíṣí ibùdókọ̀ nípò ń dun àwọn kan. Bí wọ́n bá gbé e lọ síbi ìsọdá tó dára, ẹni tó ti ń sọ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ yóò ní ìrìn tuntun láti rìn, bí ẹni náà bá sì jẹ́ irú màámi, ìrìn yẹn kò kéré. Torí náà, níbi tó bá ṣeé ṣe, mo fẹ́ kí wọ́n gbé ibi ìsọdá wá bá ibùdókọ̀ dípò kí wọ́n gbé ibùdókọ̀ lọ bá ibi ìsọdá. Ibùdókọ̀ wà níbẹ̀ torí àwọn èèyàn wà níbẹ̀. Níbi tí kò bá ṣeé ṣe, bóyá ibi kọ́nà tí a kò ti lè rí ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì tún ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀ ṣe kí wọ́n tó hú òpó àtijọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ ìgbà díẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń tún ọ̀nà ṣe. Òpó kan nínú táyà tí wọ́n da kọnkéré sí, bébà tí òjò ti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, èrò tó dúró sínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó yanrìn ń kọjá létí wọn. Wọ́n á ní oṣù mẹ́ta ni. Ó máa ń ju ọdún kan lọ. Ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù, torí àwọn awakọ̀ ò tíì mọ ọ̀nà tuntun náà, àwọn èrò pàápàá ò sì tíì mọ ibi tí wọn yóò gbà. Kí wọ́n kun ìlà ìsọdá síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òpó náà dé, kí wọ́n to ọ̀pá onírọ́bà sí àárín títì kí ẹni tó ń sọdá lè rí ibi dúró, kí wọ́n tẹ́ pákó tó le sórí ẹrẹ̀, kí wọ́n gbé iná kan síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún ọ̀nà ṣe ní ọ̀dà, wọ́n ní pákó, wọ́n sì ní iná níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ kan ni.